Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Mo Dá Mọ̀

Màámi,

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ má mikàn. Àmọ́ ẹnu ṣì ń yà mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Odidi oṣù márùn-ún ni ò fi kúrò lójú kan, torí kò sẹ́ni tó mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Èmi ni mo ha ìpẹtà ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí nọ́ńbà fi yọ. Mo yẹ̀wé wò, mo dá a mọ̀, mo sì bá a rí kabúrétọ̀ tó bá a mu níbi tí wọ́n ń da irin àlòkù sí, ni ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Lánàá, mo lọ jẹun ọ̀sán. Kí n tó dé, ẹni tó ni ọkọ̀ ti wà á lọ. Mo káwọ́ lérí. Ìbora tí ẹ fún mi wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, òun àti búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Yàrá tó ní àga aláwọ tí mo máa ń ròyìn rẹ̀ fún yín, mi ò gbébẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi tó ti di ẹrù sílẹ̀ láti wá bá mi gbé. Ẹ ní kó ṣì tú u ná.

Èmi ọmọ yín, tí ara rẹ̀ le.