Yàrá Tí Ìyá Rẹ Ń Dá Jókòó Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣìsẹ̀ gbé níbi iṣẹ́. Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ewúrẹ́ ni mo ṣe mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Látìgbà tí o ti sọ fún un lórí fóònù pé kó wá ibì kan nínú ilé tí á máa dá jókòó sí lójoojúmọ́ kára lè tù ú, ó ti kó gbogbo táyà kẹ̀kẹ́ tí mò ń tún ṣe kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Ó gbá a, ó gbé àga kan ṣoṣo síbẹ̀, ó ta kọ́tìnnì. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á pa fóònù, á wọlé, á tilẹ̀kùn. Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kí àgbàlagbà tilẹ̀kùn mọ́rí torí kó má ṣe nǹkan kan? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Mo jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ kan, mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Irọ́ ńlá! Mò ń gbọ́ bí ìyá rẹ ṣe ń sín lẹ́yìn ògiri. Mo bi obìnrin náà pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, ó wá gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ti mulẹ̀ ni. Télọ̀ iwájú ilé wa ní obìnrin tó bá ń wá ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹrù ló ń dì lọ́kàn. Ọmọ mi, oorun dá lójú mi. Bí ìyá rẹ bá kó lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá jà?

Nígbà tó lọ sọ́jà lánàá, mo yọ́ wọ ibẹ̀. Mo wo abẹ́ àga, mo wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, kò sẹ́rù kankan. Mo ní kí n jókòó díẹ̀ torí orúnkún mi. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó ní kẹ̀kẹ́ òun dà. Mo kàn ń gbọ́ èémí ara mi. Mo rántí bàbá mi, omi bọ́ lójú mi, mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́ ló jí mi. Ìyá rẹ ni. Kò wọlé o. Ó ní kí n fara balẹ̀, òun á dúró dè mí. Látìgbà tí mo ti kọ́ ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn fún mi rí.

Jọ̀wọ́, fi owó àga kan ránṣẹ́. Má fi í gba inú fóònù o, kí obìnrin yẹn má gbé e, awakọ̀ ni kó o fún. Kì í ṣe inú yàrá ni màá gbé àga náà sí, ẹnu ọ̀nà ni, kí n máa jókòó níbẹ̀ kí télọ̀ má wá yọ ìyá rẹ lẹ́nu títí á fi jáde.

Ọlọ́run á bùkún ilé rẹ. Ìwọ náà ò ní ṣàìrí ẹni tí á dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi bàbá rẹ ni.