Bàbá Ta-Nìyí, Télọ̀ Tó Mọ Gbogbo Ènìyàn

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1959 ni a bí olóògbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ káfíńtà. Bàbá wọn ló ni ìsọ̀ náà; ìyá wọn ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Olóògbé ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Níbi tí wọ́n ti ń bá ìyá wọn já òwú ni iṣẹ́ aránṣọ ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù.

Wọ́n jáde ilé-ìwé gírámà ní 1976, wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní 1981. Ní 1985, obìnrin kan gbé síkẹ́ẹ̀tì wá kí wọ́n bá òun dín in. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kó padà wá, pé síkẹ́ẹ̀tì náà lágídí. Obìnrin yìí ló di ìyàwó wọn lọ́dún kejì.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, wọn kì í gbowó lórí yúnífọ́ọ̀mù tó ya.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni àdúgbò fi mọ̀ wọ́n. Ẹni yòówù tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n ti ń ránṣọ fún láti ogún ọdún, wọ́n á yọ gíláàsì, wọ́n á lejú mọ́ ọn: "Ta nìyí? Ọmọ ta ni ẹ́?" Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tí wọ́n jọ ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìdáhùn tirẹ̀ láti kékeré: "Ọmọ télọ̀ tó gbàgbé ọmọ rẹ̀ ni!" Àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù tó kọjá, òfinkìn àti ikọ́ mú wọn. Ta ni òfinkìn kì í mú? Ibà tẹ̀lé e, wọ́n lo oògùn, ara sì fúyẹ́ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àbíkẹ́yìn gbé tíì lọ bá wọn lórí àga. Wọ́n wò ó títí.

"Ta nìyí? Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún béèrè. Òun tún rẹ́rìn-ín, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Kó tó dé lọ́sàn-án, gìrì, tí ìdílé rò pé ọmọdé nìkan ló ń mú, ti gbé wọn ṣánlẹ̀. Dókítà ní àrùn tó fa òfinkìn náà ló ta bá ọpọlọ, tí ọpọlọ fi wú. Ó ní kì í sábà ṣẹlẹ̀. Wọn kò lajú mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dákẹ́. Òfinkìn lásánlàsàn! Ẹnu ìdílé kò tíì padé títí di ìsinsìnyí.

Àbíkẹ́yìn bi dókítà pé tó bá jẹ́ pé àárọ̀ ni àwọn ti gbé wọn wá ńkọ́? Dókítà ní òun kò lè sọ. Ìdílé kò bá ọmọ náà wí. Kò sí ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹni tí òfinkìn mú bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ yín mọ́, ẹ má dúró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Olóògbé fi ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ márùn-ún àti aṣọ mọ́kànlá tí wọ́n ti gé tí wọn kò tíì rán sáyé lọ. Àbíkẹ́yìn ni yóò rán wọn.

Bàbá, ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀fẹ̀ ló fi dá yín lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ rèé: ọmọ yín ni. Ẹ sùn wọra, ẹ má bẹ̀rù; gbogbo wa mọ̀ yín.