Oògùn Mẹ́ta Bàbá Babárìndé

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì 1981
Oṣù kan pé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé àwọn arúgbó tí ìjọ kọ́ sí Aládé. Ẹni tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni Bàbá Babárìndé, àgbẹ̀ kòkó. Olóorun Mi ni mo ń pè é — nínú ìwé yìí nìkan. Oorun láàárọ̀, oorun lọ́sàn-án. Itọ́ lẹ́nu. Lónìí ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì
Mo to oògùn rẹ̀ sórí tábìlì. Mẹ́ta! Dókítà kan kọ àkọ́kọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí bàbá ń pariwo. Òmíràn kọ èkejì. Ẹlòmíràn tún fi ẹ̀kẹta lé e. Kò sẹ́ni tó dá ti ẹnì kejì dúró. Iṣẹ́ kan náà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe: wọ́n ń múni sùn.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì
Dókítà tó ń bẹ̀ wá wò dé. Mo sọ ọ̀rọ̀ oògùn náà fún un. Ó wo káàdì bàbá títí. “Nọ́ọ̀sì, o káre.” Ó ní ká máa dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀, ká má dá a dúró lójijì. Màtírọ́nì, ọ̀gá wa, fajú ro: “Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ariwo, ìwọ lo máa jókòó tì í o.” Mo ní mo gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Máàṣì
Kò tíì sí ìyàtọ̀. Àbí mo ṣìṣe ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Épírì
Ó pariwo. Mo jókòó tì í. Nígbà tí mo yí i padà — egbò ńlá ní ìbàdí! Ara ló ń ro ó. Mo wẹ egbò, mo dì í. Ó dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 21 Méè
Ó ku oògùn kan ṣoṣo, ìdajì hóró. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ iyán. Ó bi mí lórúkọ. Mo ní Bernadette. Ó ní ìyẹn le jù lẹ́nu òun, Àbẹ̀kẹ́ lòun á máa pè mí. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Méè
Tinúkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé láti Atosin. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá, bàbá kì í mọ̀ ọ́n. Lónìí, kó tó kúnlẹ̀, bàbá ti ní, “Tinúkẹ́, ṣé o ti jẹun?” Ọmọ dì mọ́ ọn. Bàbá wá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Ìyá rẹ ńkọ́?”

Ìyá ti kú lọ́dún tó kọjá. Tinúkẹ́ ní òun sọ fún un nígbà náà. Bàbá kàn wo òun, ó sùn lọ. Tinúkẹ́ tún un sọ fún un.

Bàbá figbe ta. Màtírọ́nì sáré dé: “Àwọn oògùn rẹ̀ dà? Kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá!”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe àìsàn. Ìyàwó rẹ̀ ló kú.”

Màtírọ́nì dúró. Ó fa àga, ó jókòó, ó di ọwọ́ bàbá mú. A jọ wà níbẹ̀ títí bàbá fi sunkún tẹ́ra rẹ̀ lọ́rùn.