Ilé Tí Mo Kọ́ Fún Olè

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Adúmáadán,

Mo kí yín tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga onírin ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ara tèmi le, ọkàn nìkan ni kò tíì fara balẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n fi bíírò kọ̀wé. Bí inú bá tilẹ̀ ń bí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Ní àràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun ní yàrá iṣẹ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń fi fóònù mi sínú àpótí onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, màá fa okùn íńtánẹ́ẹ̀tì yọ lára ògiri, màá ká a bí ẹni ká okùn kànga, màá sì fi í kọ́ ìṣó tó wà lókè tábìlì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i pé kò sí ohun tó so kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ ayé. Màá tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo ohun tí a ṣe sínú rẹ̀ lánàá yóò pòórá, yóò mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Màá fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Ìgbà náà ni a óò tú fáírọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ sínú rẹ̀, tí a óò jókòó tì í, tí a óò máa wò ó: ilẹ̀kùn wo ló kàn, àpò ta ló tú, ta ló ń pè. Iṣẹ́ tí mo wá kọ́ nìyẹn. Àwọn tí a jọ ń kọ́ ọ máa ń fi ìmọ́tótó kọ̀ǹpútà náà yangàn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn kò tíì kúrò létí mi. Ẹ ní ọkọ yín àtijọ́ ti wá. Ẹ ní ó dúró síta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ wọlé pé, “Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yìí mà dára o, ìyàwó mi. Ṣé o ò tíì pààrọ̀ ìkòkò òdòdó tó fọ́ létí yìí ni?” Ẹ ní onílé yín ló yọ igi sí i kó tó lọ. Ẹ wá pariwo mọ́ mi lórí fóònù pé, “Gbogbo ayé yìí, ìwọ nìkan ni mo sọ ibi tí mo kó lọ fún. Ìwọ nìkan, Dákẹ́dákẹ́! Kí ló fún ọ?” Ẹ sì pa fóònù. Mo pè títí, ẹ kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo di ọwọ́ yín mú lọ́jọ́ tí ẹ sá kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, tí ojú yín kan wú tó bò. Báwo ni mo ṣe máa tà yín?

Síbẹ̀, ẹnì kan sọ fún un. Ìfura loògùn àgbà, èmi tí n kò tíì dàgbà wá mu oògùn náà ní àmujù. Ẹni tí mo kọ́kọ́ fura sí ni ọmọbìnrin tó ń jókòó tì mí ní kíláàsì, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láìní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n fura. Lọ́jọ́ tí fọ́tò yín wọlé, èyí tí ẹ ti dúró níwájú ilẹ̀kùn tuntun yín, ó na ọrùn bí adìyẹ, ó ní, “Háà, ta ni arẹwà yìí? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Ibo ló ń gbé?” Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé mọ́ ọn lójú. Nígbà tí ẹ̀sùn yín wá dé, mo kó ẹrù mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ jókòó sídìí fèrèsé. Ó bi mí pé, “Ṣé mò ń rùn ni?” Mo kọjú sí ìta.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fura sí obìnrin tó ń tọ́jú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fa irun orí mi kan tu, mo fi há ìdérí kọ̀ǹpútà mi kí n tó jáde. Bí mo bá dé, irun á ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Mo tún wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ èmi nìkan ni mo bá níbẹ̀. Obìnrin náà rí ìyẹ̀fun ọ̀hún, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ilẹ̀ lo ti fẹ́ yan búrẹ́dì ni?” Kò sí ẹni tó ń wọlé. Síbẹ̀ nǹkan ń jáde. Ìgbà náà ni mo rántí pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Mo sọ fún yín nígbà tí mo rí ààyè wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí pé ọkùnrin yẹn kọ̀wé kí mi. Ẹ ní kí n má dá a lóhùn, n kò sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ó fi fáìlì kan tì í, ó ní àwòrán Ìyá wa ni, èyí tí òun yà nígbà tí Ìyá wà láyé, tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò kàn ọ́. Ìyá rẹ nìyí, wò ó.” Ta ni kò ní ṣí i? Ìyá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fi ètè di abẹ́rẹ́ mú, ó ń wá bọ́tìnì lórí itan rẹ̀. Mo wò ó títí oorun fi gbé mi lọ.

Fáìlì yìí ni mo padà sí. Mo fi gbogbo ètò tí a fi ń wá fáírọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo wọn ní kò sí nǹkan. Mo gba ìtẹ̀ka rẹ̀, nítorí fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ìtẹ̀ka tirẹ̀ bíi ti ènìyàn, ibì kan sì wà tí wọ́n kó ìtẹ̀ka àwọn ọ̀daràn tí ayé ti mọ̀ sí. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olè tí wọ́n dìídì bí nítorí ilé kan ṣoṣo, àgọ́ ọlọ́pàá wo ló máa ní àwòrán rẹ̀? Ohun kan ló ń já mi láyà: fáìlì náà wúwo ju àwòrán tó wà nínú rẹ̀ lọ dáadáa. Kí ló tún gbé pamọ́?

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá yàrá iṣẹ́ wa. Obìnrin kúkúrú kan ni, ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Fi-Hàn-Mí là ń pè é lẹ́yìn, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ènìyàn bá ti lanu. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣòro fún mi tó láti bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo kàn dúró tì í títí ó fi ní, “Ọmọ, ṣé o wá wò mí lójú ni? Fi hàn mí.” A tú fáìlì náà sínú kọ̀ǹpútà tó mọ́ yẹn. Ìyá jáde, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn, ó parí síbẹ̀. A wò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Kò kan ilẹ̀kùn kankan, kò pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin kíláàsì ní, “Ẹ jẹ́ ká bá a kẹ́dùn, fáírọ́ọ̀sì yìí ń ṣọ̀fọ̀ ni.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, “Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí.” Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. Àbí ojú oorun ni mo ti sọ ọ́?

Bí wọ́n ti ń túká, Ẹnu-Ò-Sinmi kò lọ. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ní, “Ilé yìí mọ́ jù. Kò sí lẹ́tà, kò sí fọ́tò, kò sí orin, àní kò sí ìdọ̀tí. Ta ló ń gbé ibẹ̀? Bí èmi bá jẹ́ olè, tí mo wọ irú ilé báyìí, màá ti mọ̀ pé ọlọ́pàá ló wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Màá kí wọn, màá jókòó jẹ́ẹ́.” Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, báwo lẹni yìí ṣe mọ inú olè tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rí i pé òótọ́ ló sọ. Àwa tí à ń fọ ilé lójoojúmọ́, àwa gan-an là ń kìlọ̀ fún olè.

Nítorí náà, mo fi fáìlì náà sílẹ̀ níbẹ̀, n kò tẹ bọ́tìnì tó ń nu gbogbo rẹ̀ mọ́, mo sì kọ́ ilé fún un. Mo dá obìnrin kan sínú kọ̀ǹpútà náà, aránṣọ, tí òrùlé yàrá rẹ̀ ń jò. Mo bá a kọ lẹ́tà sí onílé nípa òrùlé náà, mo sì fi í sílẹ̀ láìparí. Mo kó orin fún un, mo kó àwòrán àwọn aṣọ tó rán bàjẹ́ sí i. Mo ń gbé máòsì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń wá. Mo ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ, mo ń pa á rẹ́. Mo tún fún un ní ẹ̀gbọ́n. Mo bá a kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n yẹn: wọ́n jà nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n parí ìjà, wọ́n tún jà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu-Ò-Sinmi jókòó tì mí, ó ń bá mi dá sí i: “Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láhun díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tèmi láhun.” Okùn ara ògiri kò kúrò lórí ìṣó, kọ̀ǹpútà kejì ni a fi ṣe ayé. Ohunkóhun tí ti àkọ́kọ́ bá pè, òun ló ń dáhùn pé, èmi nìyí, máa sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló jí. Aránṣọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwòrán ilẹ̀kùn pupa kan pamọ́ ni. Lójú wa báyìí, fáìlì àwòrán Ìyá yọ́ dìde. Ó lọ síbi tí lẹ́tà wà, ó ṣe ẹ̀dà wọn. Ó lọ síbi tí fọ́tò wà, ó kó wọn. Ó di gbogbo rẹ̀ lẹ́rù, ó sì pe ìta. Ẹnu-Ò-Sinmi fò sókè, ó ní, “Ó jí! Ó jí o! Ẹ wá wo aláìnítìjú!” Ọ̀gá sáré wá, tíì dà sí i láṣọ, kò tilẹ̀ sọ pé ká fi han òun mọ́. Ó ka àdírẹ́sì tí ẹrù náà ń lọ. Àdírẹ́sì kan náà tí ọkùnrin yẹn fi kọ̀wé kí mi ni. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tìrẹ?” Mo sọ fún un. Ó ní, “Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi kọ́ ló sọ ibi tí ẹ wà. Fọ́tò yín níwájú ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi júwe àdúgbò fún mi, inú kọ̀ǹpútà mi ni gbogbo wọn wà, ibẹ̀ ló ti ń kó wọn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bínú sí mi lẹ́yìn èyí, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ kúrò lónìí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín nọ́ọ̀sì yẹn, èyí tí n kò mọ ojúlé rẹ̀. Ẹ má sọ ojúlé náà fún mi. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má ya fọ́tò ibẹ̀ fún mi, kódà bí mo bá ń bẹ̀ yín. Bí ọkùnrin yẹn bá ti fi àwòrán Ìyá ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà, ẹ pa fóònù yín, ẹ fi í sílẹ̀ sílé. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé onílé lọ́wọ́.

Ìyá Ẹnu-Ò-Sinmi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù gba ìlú yín kọjá, ló gbé lẹ́tà yìí wá. Mo fọwọ́ sí orí ìlẹ̀pa àpòòwé, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ya á. N kò fura sí i o. Ká kúkú sọ pé n kò fura sí i púpọ̀. Ó ní àyè wà níwájú ọkọ̀ òun, òun á gbé yín débi tí ẹ bá ń lọ, òun ò sì ní bi yín ní ìbéèrè. Èmi náà ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ó ní, “Ṣé mi ò rùn mọ́?” Mo ní ó ṣì ń rùn díẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ rẹ̀ bò yín. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ lójú ọ̀nà. Ojú tó ń wá yín, kó máa wo ibòmíràn. Kí ẹ̀mí wa gùn kí a tún lè jókòó pọ̀, kí ẹ bú mi débi tó bá wù yín, kí n sì máa gbọ́ ọ láti ẹnu yín.

Èmi ni àbúrò yín, tó ń fura sí gbogbo ayé àfi ẹ̀yin,
Dákẹ́dákẹ́.

Àfikún: N kò tíì lé olè náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀gá wa àti ọlọ́pàá obìnrin tó gba ẹ̀rí lọ́wọ́ wa ló ní kí n má tíì lé e, kí ọkùnrin yẹn má baà mọ̀ pé a ti mọ̀. Lọ́la, ní kùtùkùtù, àwọn méjèèjì yóò jókòó tì mí, èmi yóò sì kọ lẹ́tà kan sí yín lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Màá sọ níbẹ̀ pé inú mi dùn pé ẹ kò kó kúrò, àti pé mo gbọ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa wà nílé ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọlọ́pàá ni yóò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Bí lẹ́tà ọ̀hún bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbà á gbọ́. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, àfi ibi tí màá ti kọ ọ́ pé àárò yín ń sọ mí.