Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Àlejò

Ìyá mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ti bo ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà gun òkè. Ìsun tí ẹtu ti ń mumi ti sọnù sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Àsánì, tí wọ́n ń mú àlejò gòkè, ń di ẹrù ara wọn láti máa lọ.

Ọ̀gá ọgbà ẹranko ní Bàbá ló gbin òdòdó náà. Ẹ mọ̀ pé èmi ni. Irúgbìn tí ẹ dì sétí aṣọ fún mi láti Ìsẹ́yìn ni mo gbìn sẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò, kí ibẹ̀ lè lẹ́wà; n ò mọ̀ pé yóò tàn gun òkè. Bàbá kàn ń bá mi bomi rin ín ni.

Nígbà tí ọ̀gá bi wá lánàá pé ta ló gbìn ín, mo tẹjú mọ́lẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé arúgbó ò gbọdọ̀ fẹ́ràn òdòdó ni?" Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ara mi le o. Ọ̀gá ní èmi ni n óò máa mú àlejò gòkè báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ hú ti ẹ̀yìnkùlé wa kó tó so. Ẹ bá mi kí Fàsílátù àbúrò mi. Bí Bàbá bá yà kí yín bí wọ́n ṣe ń lọ sí Òkèhò, ẹ fún wọn lóúnjẹ.

Mo hú òdòdó ọ̀nà òkè náà lónìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Aago mẹ́jọ ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Àdìjátù yín