Obì tí Ẹ Gbà Nítorí Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú iṣu wíwà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ìyá Àgbà tí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kó tó bèèrè ìyàwó lọ́wọ́ mi. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Kambolé. Ara mi le ní Sokodé, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí lórí rédíò, kí ará Bago àti Koussountou tó wà nítòsí wa náà lè gbọ́. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi kí n tó la ẹnu, n ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́.

Alùpùpù zemijan tí mo fi ń gbé èrò náà ni mo ṣì ń wa. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ṣe é fẹnu sọ, ètè mi ti là, eruku sì kún imú mi. Bí mo bá wọlé ní àdúgbò Kouloundè lálẹ́, kò sí ẹni tí màá bá sọ èdè wa. Kotokoli ni gbogbo ará ilé, èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ ẹ̀rín wọn kì í yé mi. Báyìí ni mo ṣe wà tí Rasaki fi dé ibùdó àwa ọlọ́kọ̀ alùpùpù. Ará Benin ni, ó gbé obì dání, ó kí àwọn àgbà wa bó ṣe yẹ, ó wá yíjú sí mi, ó kí mi ní èdè wa. Bàbá, èdè yẹn nìkan ni mo rí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ sìgá ńlá kan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọjà tuntun tí wọ́n gbé dé kò nílò ìṣáná, bátìrì ló ń lò. Èèyàn á fà á, òórùn máńgòrò á máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbà mí láti máa gbé e kiri, wọ́n kó wa lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti adìẹ. Màdáámú tó ń kọ́ wa sọ ní Faransé pé tí a bá rí àgbàlagbà, ká ní yóò ràn án lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá. Tí a bá rí ọ̀dọ́, ká má dárúkọ sìgá rárá, ká ní máńgòrò, ká fún un ní àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo nawọ́, mo bi í pé kí ló kan ọmọ tí kò fẹnu kan sìgá rí. Ó ní ìbéèrè mi dára, ó fún mi ní fìlà. Mo sì dé e! Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Nígbà tí Rasaki bi mí pé ta ni àwọn ọ̀dọ́ Kambolé máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, mo yangàn. Mo ní bàbá mi ni, iwájú ilé wa ni àwọn ọmọ aláàáró ti ń pàdé kí wọ́n tó lọ sóko. Mo wá pè yín, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀, oògùn tí ń mú èèyàn jáwọ́ nínú sìgá ló ń tà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún yín.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ẹ pè mí, ẹ ní ẹ ti gba obì Rasaki, ẹ ti pín in fún àwọn àgbà, iwájú ilé wa ni yóò tẹ́ tábìlì rẹ̀ sí lọ́jọ́ ọjà. Inú yín ń dùn. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Sanni, ni mo rántí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi bí ọkọ̀ kan ṣe dé ọjà Koussountou nígbà èwe yín, tó ń ju sìgá ọ̀fẹ́ sáàárín àwọn tó ń kọ ebè. Bàbá Sanni he tirẹ̀, kò sì jù ú sílẹ̀ títí àyà rẹ̀ kò fi jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́.

Ilé iṣẹ́ tó rán ọkọ̀ yẹn náà ló rán Rasaki. Mo bi Rasaki, kò sẹ́. Ó ní eléyìí kò léèéfín, ó sàn ju ti àtijọ́. Ó lè sàn fún ẹni tó ti ń mu sìgá, èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ aláàáró kò mu nǹkan kan! Lẹ́nu ọ̀nà lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà níbí, mo ń rí àwọn ọmọ tí kò lè jókòó wákàtí kan láìfà á. Ohun tó ń di èèyàn mú nínú sìgá ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní kí Rasaki fi ilé wa sílẹ̀. Ó ní àgbà ti jẹ obì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Òótọ́ ló sọ. Ẹ kì í ṣe ẹni tó ń jẹ obì èèyàn kó tún lé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ má yẹ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ọjọ́ ọjà tó pé, kí gbogbo àgbà gbọ́ pé ọmọ yín ló tàn yín, pé irọ́ mi ló mú kí ẹ gba obì náà. Obì tí a fi irọ́ gbà kò de ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ìdílé ọmọbìnrin tí ẹ ń bá mi tọrọ yóò gbọ́, wọ́n sì lè kọ̀ mí. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ̀ mí.

Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà jíǹkí yín, á dáàbò bo àyà àwọn ọmọ Kambolé. Ẹ bá mi kí ilé, ẹ bá mi kí oko.

Èmi ni ọmọ yín tó parọ́ fún yín,
Sàlíù.