Mo Pọn Ọmọ Fọlákẹ́ ní Ibi Ìpàgọ́

Sátidé, Oṣù Kejìlá, 1988

Inú mi ń dùn ṣìnkìn!

Níbi ìpàgọ́ ìjọ wa lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ọmọ ọwọ́ Fọlákẹ́ ọmọbìnrin mi ń ké nínú àgọ́. Mo ní kí Fọlákẹ́ jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n.

"Bàbá, ẹ ò pọn ìkankan nínú àwa ọmọ yín rí!"

Òótọ́ ni. Iṣẹ́ obìnrin ni mo pè é nígbà náà. Ó dùn mí.

Ó gbé e lé mi lẹ́yìn. Mo so ọ̀já, ó tú.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, Bàbá! Ọmọ ni, kì í ṣe àpò gààrí!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mo tún un so, ó dúró.

Orí ìdúró ni mo ti ń kọ èyí. Ọmọ ti sùn sí mi lẹ́yìn. Fọlákẹ́ náà ti sùn lọ, kò gbà á lọ́wọ́ mi.